Ẹja Abuké Tí A Fi Ṣínu

Ọdún tí ìjọba Gánà ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé kó ẹrù rẹ̀ máa lọ, inú oṣù ààwẹ̀ ni, ọyẹ́ sì ti ń fẹ́. Ọdún náà ni mo fi ń ka ọjọ́ orí mi. Kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí mi sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé nígbà náà, mo ti lè ru garawa omi láti ibi kànga dé ilé láì jẹ́ kó dà sí mi lára, mo sì ti ń gba ààwẹ̀ bí àgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń fi omi yọ́nu ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ẹni tó mọ ìṣirò bá mi ṣe é. Ṣùkúrá, ọmọ ọmọ mi, ló ń kọ ọ̀rọ̀ yìí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un: má fi iyọ̀ kún un, má sì yọ iyọ̀ inú rẹ̀.

Fóònù rẹ̀ ló fa ọ̀rọ̀. Ní ìjẹta ó jókòó tì mí ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń fi ìka ti àwòrán lọ ti àwòrán bọ̀, ni mo bá rí ẹja kan tó fò kúrò lójú omi, tó tẹ̀ bí ọrun, tí ẹnu rẹ̀ dà bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ wò ó. Dọ́fìn ni wọ́n ń pè é. Ó ń mí bíi tiwa, ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú."

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti jẹ́rìí lórí rẹ̀ rí níwájú gbogbo agboolé."

Ó wò mí bí ẹni pé kí ó gbé mi lọ sí ọsibítù. "Ẹ̀yin kẹ̀? Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí? Òkun wo ló wà ní Takie?"

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ibi tí ẹ bá bá àgbà ni ẹ máa ń rò pé ó ti hù jáde, bí igi ọ̀sàn. Mo ní kí ó wá èyí tó ní iké lẹ́yìn fún mi, nítorí èyí tó ń fò yẹn kì í ṣe tiwa. Tiwa kì í fẹ́ ṣe àṣehàn. Ó wá a títí, ó ní òun ti fẹ́ jáwọ́, ni ó bá rí i. Ó gbé e sún mọ́ ojú mi. Gbogbo ọdún tó ti kọjá lọ yìí, òun náà nìyẹn, pẹ̀lú iké rẹ̀.

Ní ayé ìgbà náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò bá ní ará ní Gánà, a jẹ́ pé kò ní ará rárá ni. Bàbá mi jáde láti agboolé wa yìí, lẹ́yìn Ọjà Igbó, ó lọ. Ọ̀hún ló ti rí Màmá, ọmọ àwọn oníṣẹ́ awọ ní Ọ̀yọ́, tó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ṣòwò. Ọ̀hún ni wọ́n ti fẹ́ ara wọn, ọ̀hún ni wọ́n bí mi sí, ọ̀hún náà ni ibà ti pa bàbá mi. Ìyẹn ni pé Màmá di ìyàwó ilé kan tí kò tíì fojú rí.

Ìlú tí a gbé, ilẹ̀ tóóró ni, òkun lápá kan, ọ̀sà lápá kejì, odò ńlá kan sì ń wọ òkun nítòsí wa. Bí ẹ bá dúró ní ẹnu ọ̀nà wa tí ẹ tu itọ́ sọ́tùn-ún, òkun. Ẹ tu ú sósì, ọ̀sà. Iyọ̀ wà lára ògiri. Mo gbà pé iyọ̀ wà lára gbogbo ògiri ayé títí mo fi dé Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo lá ògiri ilé bàbá mi wò, tí wọ́n nà mí, pé ṣé wọn kò fún mi lóúnjẹ ni.

Pátẹ ni Màmá ń tà fún àwọn apẹja: abẹ́rẹ́, òwú, àgádágodo, dígí, ìlẹ̀kẹ̀, òórùn dídùn inú ìgò kékeré. Kò fi bẹ́ẹ̀ gba owó. Ẹja ni wọ́n fi ń pààrọ̀, òun náà á yan án, á fi ránṣẹ́ sí ọ̀nà òkè. Nítorí náà, ibi tí wọ́n bá ti ń fa àwọ̀n la máa ń lọ. Ẹ ò rí fífa àwọ̀n rí! Wọ́n á fi ọkọ̀ gbé àwọ̀n lọ sínú omi, wọ́n á fi okùn rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ létí òkun, tọkùnrin tobìnrin á so mọ́ okùn bí èèrà mọ́ afárá oyin. Ẹnìkan á máa lu irin, àwọn tó kù á máa kọrin. N kò gbọ́ ìtumọ̀ orin náà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìwúwo rẹ̀. Bí orin bá falẹ̀, àwọ̀n kún. Bí orin bá ń sáré, ẹ má wulẹ̀ gbé abọ́ wá.

Bí Màmá bá ti lọ bá wọn, èmi á jókòó ti pátẹ lábẹ́ igi àgbọn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ẹja náà. Bí omi bá ń kún bọ̀, wọ́n á dé, mẹ́ta, mẹ́rin, wọn kì í sábà pé ìka ọwọ́ mi méjèèjì. Wọn kì í pariwo. Ẹnu á kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà iwájú orí, lẹ́yìn náà iké náà á gòkè wá díẹ̀díẹ̀, bí ìyá tó pọn ọmọ tó tẹ̀ba tó ń gbálẹ̀. Ẹ máa wo ìyá tó pọnmọ tó ń gbálẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ óò rí ohun tí mo rí. Wọ́n á mí "fúù" bí ẹni tó ń fẹ́ iná àárò, wọ́n á sì tún wọlẹ̀. Wọ́n á lé àwọn ẹja kéékèèké wá sí ibi tí omi kò ti jinlẹ̀, ẹja á máa ta pàràpàrà lórí iyanrìn, àwọn á sì máa ṣa wọ́n jẹ. Bí ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì bá sún mọ́ wọn, wọn á lọ. Ojú ń tì wọ́n.

Mo bi Màmá pé kí ló dé tí ẹja ń mí. Ó ní ṣé mo ti ta àgádágodo kankan.

Lẹ́yìn náà ni àṣẹ ìjọba dé. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún wa. Ọjà kò tà mọ́, nítorí ta ni yóò ra ohun tó mọ̀ pé ẹ óò sọ nù lọ́la? Àwọn aládùúgbò tí wọ́n ń jẹun nínú àwo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wo orí ilẹ̀ bí a bá kí wọn. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ẹgbẹ́ wa ń di àpótí aṣọ, ẹ̀rọ ìránṣọ, kẹ̀kẹ́. Màmá kò ní nǹkan kan, àfi pátẹ. Ó ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Mo fẹ́ wọ ilé ọkọ mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Kí ni n óò gbé lọ́wọ́ wọlé?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, orin àwọn afàwọ̀n falẹ̀, ó falẹ̀ dé ibi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Nígbà tí àwọ̀n dé orí iyanrìn, abuké kan wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn apẹja náà kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó ti fa àwọ̀n ya. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ó fi kú. Wọ́n gé e, Màmá bá wọn gé e, wọ́n ń pín in. Màmá gbé gbogbo ohun tó kù lórí pátẹ, abẹ́rẹ́, dígí, àti pátẹ náà fúnra rẹ̀, ó gbé e fún wọn, wọ́n sì fún un ní itan ẹran... Ṣùkúrá ní kò lè ní itan nítorí kò ní ẹsẹ̀. Ó dára. Wọ́n fún un ní ẹran tó kún apẹ̀rẹ̀ ńlá kan. Ó yan án títí ó fi dúdú tó sì gbẹ. Ní ọjọ́ kẹta, lọ́rì dé, a gòkè.

N kò ní sọ ti ọ̀nà. Ẹni tó bá rìn ín mọ̀ ọ́n.

A dé Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ààwẹ̀ ti lọ ju ìdajì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni olórí agboolé, Bàbá Àfáà là ń pè é, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú nínú àgbàlá. Ohùn àwọn ọmọ kéú ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí ilé. Bàbá Àfáà sunkún bàbá mi, ó sì ní kí wọ́n ṣí yàrá rẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n àgbàdo ni ó wà nínú yàrá náà, àpò lórí àpò. Ìyàwó Bàbá Àfáà, Ìyá Ṣítù, tí ń ṣe ẹ̀kọ tà, ti sọ ibẹ̀ di àká láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ ṣì fìdí lé ẹ̀gbẹ́ àpò ná." Àwa méjèèjì sì fìdí lé ẹ̀gbẹ́ àpò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Màmá ṣí apẹ̀rẹ̀. Ó fi omi gbígbóná fọ ẹran náà, ó fi ata sè é, ó pín in káàkiri agboolé fún ìṣínu. Òórùn rẹ̀ gba ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹja yìnyín ní Takie, tó ti kú ní ọdún tó kọjá kó tó kúrò nílùú òyìnbó, ẹ ò mọ ohun tí òórùn ẹja yíyan ń ṣe fún ẹni tó gba ààwẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹja Gánà! Ẹja Gánà! Ọlọ́run á gba ààwẹ̀ yín, ìyàwó!" Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú, mo rí eyín Màmá.

Ìyá Ṣítù ló rí i pé n kò fọwọ́ kan ti inú àwo mi.

"Ará Gánà, kí ló dé? Ṣé ẹja Gánà ti sú ọ ni?"

Mo ní, "N kò fẹ́ ẹ, Ìyá. Ó ní ọmú."

"Ó ní kí ni?"

"Ọmú. Méjì. Wàrà ń jáde níbẹ̀."

Gbogbo ẹnu dúró. Ọkùnrin kan tó ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ti ìka bọ ọ̀nà ọ̀fun. Ìyá Ṣítù gbé àwo rẹ̀ kúrò lórí itan bí ẹni pé iná wà nínú rẹ̀.

"Mo kú! Ẹja wo ló ń fọ́mọ lọ́mú? Ẹran ni! Ta ló dúńbú rẹ̀? Ta ló ṣe bísímílà lé e lórí? Òkúǹbete ni obìnrin yìí fi ṣínu fún wa, nínú oṣù mímọ́!"

Màmá ti kúnlẹ̀. "Ẹja ni, Ìyá. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹja òkun ni."

"Ẹja tó ń ṣọmú! Láìpẹ́ ewúrẹ́ á máa yé ẹyin. Àfáà, ẹ gbọ́ o. Bí ó bá jẹ́ òkúǹbete ni, kí ó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ọmọ ilé ni ti ọmọ yìí, kò sẹ́ni tó lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi èèwọ̀ bọ́ agboolé alùfáà kò lè bá wa gbé."

Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn: Màmá á lọ sí Ọ̀yọ́, èmi á kù síbí. Ẹnu mi ló sì fà á.

Bàbá Àfáà fọ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́. Ó ní, "Ẹ má lé ẹnikẹ́ni. Ó dùn mọ́ mi lẹ́nu, n kò lè parọ́ nínú ààwẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tí mo jẹ. Lọ́la, lẹ́yìn Alásàrì, ọmọ náà á wá sọ ohun tó rí."

Nígbà tí àwọn yòókù lọ kírun àṣámù, Màmá fà mí sáàárín àwọn àpò àgbàdo. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, lọ́la, sọ pé irọ́ lo pa. Sọ pé ẹnu ọmọdé ni. Sọ pé ó ní ìpẹ́."

"Màmá, kò ní ìpẹ́."

"Mo mọ̀ pé kò ní! Ta ló gé e? Ọwọ́ mi yìí náà ni. Mo rí wàrà yẹn kí ìwọ tó rí i. Mo fi iyanrìn nù ún kúrò lọ́wọ́." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Kí ni ǹ bá gbé wọlé? Sọ fún mi. Kí ni ǹ bá gbé wọlé?"

Mo ṣèlérí fún un pé mo máa parọ́.

Ní ọjọ́ kejì, gbogbo agboolé ti pé sí àgbàlá kí Bàbá Àfáà tó ti mọ́sálásí dé. Ó ní kí àwọn ọmọ kéú gbé wàláà wọn tì. Ó jókòó lórí awọ àgbò, ó pè mí kí n wá síwájú òun. Mo ti to irọ́ náà sẹ́nu: ìpẹ́, ìpẹ́, ìpẹ́.

Ó ní, "Kí lorúkọ rẹ̀?"

"N kò mọ̀. Àwọn apẹja ń pè é ní èdè wọn. Èmi ń pè é ní Abuké."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ ara síwájú. "Abuké? Iké rẹ̀, báwo ló ṣe rí? N kò rí òkun rí, ọmọ mi. Títí mo fi darúgbó yìí, odò Ọbà ni mo mọ̀. Sọ ọ́ fún mi."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, àgbà kan kò tíì bi mí ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Bí wọ́n bá bi ọmọdé ní nǹkan nígbà náà, wọ́n ti mú ẹgba lọ́wọ́, wọ́n ti mọ ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ojú bàbá yìí rí bí ojú ọmọ tó fẹ́ gba àkàrà. Irọ́ mi fò lọ, n kò rí i mọ́.

Mo ní, "Iké náà gùn ní àárín ẹ̀yìn. Lórí iké náà ni lẹ̀bẹ́ kékeré kan dúró sí, ó ṣóńṣó bí etí ewúrẹ́ tó gbọ́ ariwo."

"Yà á sílẹ̀ kí n rí i. Má ya ojú sí i o."

Mo ṣẹ́ ìgbálẹ̀ kan, mo yà á sórí iyẹ̀pẹ̀. Adìyẹ kan gba orí iké rẹ̀ kọjá, wọ́n lé e, mo tún un yà. Mo ya ẹnu rẹ̀, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Mo ní eyín rẹ̀ pọ̀, wọ́n kéré, gbogbo wọn rí bákan náà bí àgbàdo lórí ṣùkù. Mo ní àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú tí omi dà sí, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ mọ́ díẹ̀. Ara rẹ̀ ń yọ̀ bí ẹyin tí a bó.

"Ìpẹ́ ńkọ́?"

Mo gbọ́ bí Màmá ṣe fa èémí. Mo ní, "Kò sí."

"Imú?"

"Ihò kan ṣoṣo ni, ní àtàrí. Bí ó bá wọ omi, ó ń dé e bí ìgbà tí a dé ìkòkò."

"Ó gùn tó mi?"

"Bí ẹ bá dùbúlẹ̀, ẹ kò tíì tó o. Àfi kí ẹ tún na ọwọ́ kọjá orí."

Ìyá Ṣítù pòṣé. "Ṣé òun ló gbé Ànábì Yúnúsà mì nìyẹn?"

Bàbá Àfáà kò wo ẹ̀yìn. "Rárá, Ìyá Ṣítù, èyí kéré. Ìwọ nìkan kò lè gba ibẹ̀ wọlé." Ẹ̀rín bú. Ó nàka sí ìparí ohun tí mo yà. "Ìrù yìí ńkọ́? Ìrù ẹja máa ń dúró gbọọrọ. Kí ló dé tí o fi yà á ní ìbú?"

"Bó ṣe rí nìyẹn, Bàbá. Ó dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ bí abẹ̀bẹ̀ tí a tẹ́ sílẹ̀. Òkè àti ìsàlẹ̀ ló ń jù ú sí."

Ó mi orí. "Níbo ló ń gbé?"

"Etí ilẹ̀, Bàbá. Kì í lọ sí agbami níbi tí omi ti dúdú. Ibi tí odò ti ń wọ òkun ló fẹ́ràn, níbi tí omi ti rí bí omi ògì, níbi tí gbòǹgbò igi ti dúró lórí omi bí ẹsẹ̀ alákàn."

Ìyá Ṣítù pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ ọ! Etí ilẹ̀! Ó ń gun ilẹ̀ bí ọ̀nì! Ẹran tó bá ń gun ilẹ̀, ọ̀bẹ ló yẹ kó kàn án lọ́rùn."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo wo Màmá. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo igbá tó ti já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò tíì kanlẹ̀.

Bàbá Àfáà gbé ọwọ́ sókè. "Fetí sílẹ̀ dáadáa, ọmọ mi. Ǹjẹ́ o ti rí i lórí ilẹ̀ rí?"

"Mo ti rí i. Ẹ̀ẹ̀kan."

Ariwo ta. Ìyá Ṣítù ti dìde, ó ń ro aṣọ rẹ̀ mọ́dìí. Èmi náà gbé ohùn sókè ju bó ṣe yẹ kí ọmọdé gbé e lọ:

"Nígbà tí àwọ̀n gbé e jáde ni! Kò ní ẹsẹ̀, kò lè yí padà. Ó ń mí fúù, fúù. Afẹ́fẹ́ kún gbogbo ibẹ̀, kò sì tó o. Bí ara rẹ̀ ṣe wúwo tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ń dé etí ilẹ̀ títí ikùn rẹ̀ á fi kan iyanrìn, ṣùgbọ́n kì í jáde. Ọjọ́ tó dé orí ilẹ̀ ni ọjọ́ tó kú."

Ẹ ń gbọ́ adìyẹ náà tó ń tan ilẹ̀.

Bàbá Àfáà ní, "Ohun tí ilẹ̀ bá pa, kì í ṣe ti ilẹ̀. Ó lè máa mí, ó lè ní ọmú, òkun ni ilé rẹ̀. Ohun tí ilé rẹ̀ bá jẹ́ òkun, ẹ̀tọ́ ni, Ọlọ́run kò bi wá ní ọ̀bẹ lórí rẹ̀. Èyí tí mo mọ̀ nìyẹn. Ọlọ́run ló mọ̀ jù." Ó yíjú sí Màmá. "Ìyàwó, ǹjẹ́ ó kù nínú ìkòkò? Ẹ bá mi fi sílẹ̀ fún ìṣínu." Ó wá ní, "Ìyá Ṣítù, àgbàdo rẹ, kó ti jáde kúrò ní yàrá àbúrò mi kí wọ́n tó pe Mọ̀gàríbì."

Màmá fi orí kan ilẹ̀. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń túká, Bàbá Àfáà dá mi dúró. Ó ń wo ohun tí mo yà. Ó ní, "Wàrà tí o ní ó ń jáde yẹn..." Ó wo ojú mi. "Ó ti tó. Máa lọ bá ìyá rẹ." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa àwòrán náà rẹ́, jẹ́ẹ́, láti ìrù dé ẹnu.

Ìyá Ṣítù kó àgbàdo rẹ̀. Ó ń kùn bí ó ṣe ń gbé àpò kọ̀ọ̀kan, ó ń pè mí ní adájọ́ òkun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìṣínu dé, òun ló kọ́kọ́ gbé àwo wá. "Ìyàwó, èyí tó wà ní ìdí ìkòkò, tí ata ti wọ̀ lára, èmi ni kí o bù ú fún o." Òun àti Màmá wá di ọ̀rẹ́ tí a kò lè yà, nígbà tó kú, Màmá kò jẹun fún ọjọ́ méjì.

Inú yàrá náà ni Màmá gbé títí ó fi jáde láyé. Inú rẹ̀ náà ni Ṣùkúrá ti ń ṣájì fóònù báyìí. Àwọn ọmọ kéú kò sí ní àgbàlá mọ́, wọ́n ti kọ́ ilé ìwé fún wọn, gbohùngbohùn sì ti gba iṣẹ́ àwọn ọmọkùnrin tó máa ń lu agolo jí wa fún sààrì. N kò ní ó burú. Mo kàn ń sọ pé agolo máa ń sinmi díẹ̀. Ṣùkúrá tún kà á fún mi pé ẹja abuké yìí, etí òkun apá ọ̀dọ̀ wa yìí nìkan ló wà ní gbogbo ayé, pé ó sì ti ṣẹ́kù díẹ̀, àwọ̀n ló ń pa á jù. Mo ní kó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó kà á. Mo ní ó tó.

Nígbà tí àwọn ọmọ tèmi wà ní kékeré, bí a bá ń ṣínu, ìtàn yìí ni wọ́n máa ń ní kí n sọ. Wọ́n fẹ́ràn ibi tí adìyẹ ti gba orí iké. Ní ọdún kan, àkọ́bí mi, bàbá Ṣùkúrá, wò mí, ó ní, "Màmá, Bàbá Àfáà ní ẹ̀tọ́ ni. Gbogbo ilé jẹ ẹ́. Ẹ̀yin náà wá jẹ ẹ́ ní ọjọ́ kejì, àbí?"

Mo ní n kò jẹ ẹ́. Màmá rí mi tí mo gbé tèmi fún ológbò, kò sì bá mi wí.

"Kí ló dé?"

Mo wá sọ ohun tí Bàbá Àfáà kò bi mí fún wọn. Nígbà tí àwọ̀n gbé ìyá yẹn jáde, ọ̀kan kékeré kù sẹ́yìn ìgbì. Kò tíì ní iké tó ṣe é rí. Ó ń yọ ẹnu, ó ń mí fúù kékeré, ó ń lọ, ó ń bọ̀, níwájú ibi tí a ti ń gé ẹran. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó wà níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, lọ́rì fọn fèrè, Màmá fà mí lọ́wọ́, n kò ráyè lọ wò ó.

Mo ní, "Ẹ̀tọ́ ni ẹran náà, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò sí àní-àní. Mo ti rí ọmọ rẹ̀ ni."